Fídíò, Òjò Dídì àti Ọkọ̀ Abátìrì Àbúrò Mi

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni, èmi gan-an ni mo sì jẹ̀bi rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè kúnlẹ̀, kí n rò ó bí ó ti rí, kí n lè tètè dìde.

Mo ní àbúrò kan tí ó ń gbé ní ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni kíkó oúnjẹ ilẹ̀ wa, iṣu, èlùbọ́, gàárì àti epo pupa, láti ilé ìkẹ́rùsí lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa káàkiri ìlú náà. Ọkọ̀ tí ó yá ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó sì ń sanwó rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ó pè mí lórí fóònù, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní òun ti rí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tí ẹni tí ó ni ín ti lò díẹ̀, pé owó tí òun ti tọ́jú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn tó o rà, àti pé ọkọ̀ náà kì í mu epo bẹntiró rárá, bátìrì ni ó fi ń rìn. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi sọ fún Màámi, kí wọ́n fi àdúrà sí i."

Aṣọ ni ìyá wa ń tà ní ọjà níhìn-ín ní Òṣogbo. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ kejì láti jíṣẹ́, ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀. Àbúrò mi ti fi àwòrán ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí WhatsApp, ẹnìkan nínú ẹbí sì ti fi fídíò kan dá a lóhùn. Gbogbo àwọn aláṣọ tí ó wà ní ìlà ṣọ́ọ̀bù náà ni wọ́n ti pé lé fóònù kan ṣoṣo lórí bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ti rí fídíò ọ̀hún. Oṣù December ọdún 2023 ni ó jáde, inú igbó ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Stanislaus ní ìpínlẹ̀ California ni wọ́n sì ti yà á. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù abátìrì tí ilé-iṣẹ́ Tesla ń pè ní Cybertruck ni ó wà níbẹ̀, ọkọ̀ onírin dídán tí ó rí bí àpótí tí ọmọdé fi páànù ká. Igi Kérésìmesì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òjò dídì ti bo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí ó fẹ́ gùn, táyà rẹ̀ kò sì rí ilẹ̀ dì mú, ń ṣe ni ó ń yọ̀ bí ẹni tẹ ọṣẹ. Ọkọ̀ Ford kan tí ó ń lo ẹ́ńjìnnì ni ó wá fà á. Fídíò náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó yí gbogbo ayé ká.

Ìyá wa wò ó tán, wọ́n ká ọwọ́ lérí. Wọ́n ní, "Ṣé ọkọ̀ tí kò lè gbé igi Kérésìmesì kan ṣoṣo yìí ni ọmọ mi fẹ́ fi gbé iṣu?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo àwa tí a pé lé fóònù lórí lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tí ó fẹsẹ̀ tẹ òjò dídì rí. Inú Ìwé Wòlíì Àìsáyà ni èmi ti kọ́kọ́ bá orúkọ rẹ̀ pàdé. Ìyàtọ̀ tí mo sì mọ̀ láàrin rẹ̀ àti yìnyín tí ń bọ́ sórí páànù wa nígbà òjò àkọ́rọ̀ kò ju pé ọ̀kan ń dún, èkejì kì í dún.

Bí iyèméjì kankan bá ṣì kù, oṣù January ọdún 2024 ni ó mú un kúrò. Òtútù líle kan bẹ̀ sí ìlú Chicago, Chicago tí ọmọ wa ń gbé gan-an. Gbogbo ayé ni ó rí àwòrán àwọn ọkọ̀ abátìrì tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ ní ibi tí wọ́n ti ń fi iná sí wọn, òmíràn ti kú pátápátá, wọ́n ń fi ọkọ̀ mìíràn wọ́ ọ lọ. Fídíò yìí náà dé ọjà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn ẹbí ní kí olùkọ́ wá dájọ́, nítorí pé èmi ni mo kàwé.

Mo wo fídíò méjèèjì, mo tún wọn wò lẹ́ẹ̀kejì. Mo wá pe àbúrò mi, mo fi ohùn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà sọ̀rọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ọkọ̀ abátìrì kò wúlò nínú òtútù. Mo ti fi ojú ara mi rí i." Bẹ́ẹ̀ ni, èmi tí mo jókòó nínú ooru Òṣogbo, tí mo sì ń fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ kíláàsì fẹ́ ara mi bí abẹ̀bẹ̀, èmi ni mo ní mo ti fi ojú ara mi rí i. Ọmọ náà kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ó dáa, Bọ̀dá." Ẹlòmíràn ni ó ra ọkọ̀ náà.

Oṣù October ni ó tó tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní òun ti ṣírò owó tí òun ti san lórí ọkọ̀ àyálò láti ìgbà tí a ti ní kí òun má rà á, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ọkọ̀ tí a ní kí òun fi sílẹ̀. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń bínú, ìyẹn gan-an ni ó dùn mí jù. Ó wá ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Irú táyà wo ni ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tí ẹ rí nínú fídíò yẹn?"

Ẹ̀yin ará, ẹnu mi wọhò. Mo dákẹ́ bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo ti wo fídíò yẹn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dájọ́, kò sì sí ìgbà kan tí ojú mi lọ sí ibi táyà.

Ó yẹ kí ó ti lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra ọjà lóko, ẹ sọ fún mi: bí ọkọ̀ tí ó kó iṣu bá rì sínú ẹrọ̀fọ̀ lójú ọ̀nà oko lóṣù kẹsàn-án, ta ni nínú yín tí í sọ pé díísù ni kò dára? Ẹ ó bọ́ sílẹ̀, ẹ ó wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ẹ ó ní táyà rẹ̀ ti dán, tàbí pé dẹ́rẹ́bà kò mọ ọ̀nà, tàbí pé ẹrù ti pọ̀ jù. Kò sí ẹni tí yóò dárúkọ epo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ yọ̀ lórí òjò dídì ní California, bátìrì ni gbogbo wa nawọ́ sí, nítorí pé bátìrì ni ó ṣàjèjì sí wa.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo ń béèrè. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ni pé táyà tí wọ́n fi ń ta ọkọ̀ yẹn kì í ṣe táyà òtútù. Táyà òtútù jẹ́ irú kan lọ́tọ̀. Róbà rẹ̀ kì í gan nígbà tí òtútù bá mú, ó sì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ojú wẹ́wẹ́ tí ó fi ń di òjò dídì mú. Táyà ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn a bẹ̀rẹ̀ sí í le bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi kò sì tíì dì rárá nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń gbé inú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Québec ní ilẹ̀ Kánádà, òfin ni pé kí ọkọ̀ wọ táyà òtútù láti ọjọ́ 1 oṣù December títí di ọjọ́ 15 oṣù March, ìbáà jẹ́ bátìrì ni ó ń lò, ìbáà jẹ́ epo.

Èkejì ni pé ọkọ̀ náà wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3. Òkè kì í ṣàánú ohun tí ó bá wúwo. Ẹ̀kẹta, nígbà tí táyà kan bá ń yọ̀, agbára ọkọ̀ a máa sá lọ sí ẹsẹ̀ tí ń yọ̀, ẹsẹ̀ tí ó dúró ṣinṣin kò ní rí nǹkan gbà. Nítorí èyí ni ọkọ̀ oko fi máa ń ní ohun kan tí ó ń so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n lè máa yí papọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta Cybertruck fún àwọn ènìyàn ní ìparí oṣù November 2023, irin tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ti wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tí yóò jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà lè lò ó kò tíì dé. Ọdún 2024 ni ó tó dé. Ọkọ̀ tí wọ́n tà kí wọ́n tó parí rẹ̀, ẹ̀bi ẹni tí ó tà á ni, n kò ní gbè é lẹ́yìn. Síbẹ̀ kò sí èyí tí ó jẹ́ pé bátìrì ni ó kọṣẹ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tí ó bá wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ gun irú òkè bẹ́ẹ̀, òun náà yóò yọ̀.

Ṣé bátìrì wá jàre pátápátá ni? Rárá o. Àbúrò mi kò fẹ́ kí n tàn án, n kò sì ní tan ẹ̀yin náà. Òtútù ń bá bátìrì jà, ó sì ń bá a jà gidigidi.

Ẹ ṣáà mọ bí epo pupa ṣe máa ń dì nínú ìgò lásìkò ọyẹ́, tí ẹ ó dorí rẹ̀ kodò tí kò ní fẹ́ jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kẹ́míkà inú bátìrì ṣe máa ń lọ́ra nínú òtútù. Kì í fẹ́ jáde dáadáa, kì í sì fẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tún ń jẹ iná ju èyí lọ ni pé ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gan kú. Ẹ́ńjìnnì epo dà bí ààrò: bí a ti ń fi se ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú ilé ìdáná móoru lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo tí ó ń jó, ooru lásán ni ó ń dà. Mọ́tò iná mànàmáná kì í fi nǹkan ṣòfò bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í ní ooru ọ̀fẹ́ tí ó pọ̀. Inú bátìrì yẹn kan náà ni a ó ti mú iná tí yóò mú ọkọ̀ móoru.

Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA yẹ ọkọ̀ abátìrì 5 wò nínú òtútù tí ó tó bí ìwọ̀n 7 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tí wọn kò tan ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ móoru, ìrìn tí bátìrì lè rìn dín ní 12 nínú 100. Nígbà tí wọ́n tan án, ó dín ní 41. Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ti ní ẹ̀rọ tí ó lè fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta, tí kò sì ń jẹ iná tó ti àtẹ̀yìnwá. Ọkọ̀ epo náà kò sì mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Àwọn aláṣẹ ọ̀rọ̀ agbára ní Amẹ́ríkà sọ pé nínú irú òtútù kan náà, bí ọkọ̀ epo bá ń rin ìrìn kúkúrú nínú ìlú, ibi tí epo rẹ̀ lè gbé e dé a máa dín ní nǹkan bí 15 nínú 100 sí ti ìgbà ooru. Ta ni ó ti ya fídíò ìyẹn rí?

Ọ̀rọ̀ ti Chicago wá yé mi. Bátìrì tí ó ti tutù wọ̀ kì í tètè gbaná sára, àfi bí a bá kọ́kọ́ mú un móoru. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wá pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ nídìí iná, ìlà yóò gùn. Ẹni tí ó wà lórí ìlà yóò tan ẹ̀rọ amóoru kí ó má baà gan, bátìrì rẹ̀ yóò sì máa lọ sílẹ̀ níbi tí ó dúró sí. Nígbà tí yóò fi kàn án, ọkọ̀ ti kú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, òótọ́ ni, kì í ṣe àtọwọ́dá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ihò iná nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀, tí ó ti ki ọkọ̀ bọ iná ṣùn mọ́jú, tí ó sì ti mú un móoru láti ara iná ilé kí ó tó jáde, kò sí lórí ìlà yẹn. Kò sí oníròyìn tí yóò gbé ẹ̀rọ ayàwòrán lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kí ni yóò yà níbẹ̀?

Ìlú mìíràn wà tí ó yẹ kí á bi léèrè. Ilẹ̀ Norway wà lókè téńté àríwá ayé, òjò dídì kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ní ọdún 2024, nínú gbogbo ọkọ̀ àdáni tuntun 100 tí wọ́n rà ní ilẹ̀ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 89 tí ó jẹ́ abátìrì pátápátá. Mo mọ̀ pé ìjọba wọn ti ń dín owó orí rẹ̀ kù fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì mọ̀ pé ọkọ̀ àdáni yàtọ̀ sí ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣùgbọ́n ará Norway kò ní fi owó ara rẹ̀ ra ohun tí yóò pa á sójú ọ̀nà nítorí ẹ̀dínwó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa pààrọ̀ táyà bí òtútù bá ti ń bọ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, èmi olùkọ́ kò sì rìn kọjá fóònù aláṣọ kan.

Ẹ má sì rò pé ìhà kan ṣoṣo ni fídíò ti ń tan ènìyàn. Èyí tí ń yìn ju ẹni tí ń bú lọ nígbà mìíràn. Ní oṣù January ọdún 2018, ilé-iṣẹ́ Nikola ní Amẹ́ríkà gbé fídíò kan jáde tí ó fi ọkọ̀ akẹ́rù gàgàrà wọn hàn lójú títì, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó wuyì. Ọdún 2020 ni àṣírí tú pé ń ṣe ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ Utah, tí wọ́n jẹ́ kí ó máa yí bọ̀ wálẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń yí ẹrẹ́ táyà. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn kò ṣáà sọ pé ọkọ̀ náà ń fi agbára ara rẹ̀ rìn, pé ohun tí àwọn sọ ni pé ó ń rìn! Àwọn tí wọ́n ti ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà pàdánù owó gọbọi. Ní ọdún 2022 ilé-ẹjọ́ kan ní New York dá olùdásílẹ̀ rẹ̀, Trevor Milton, lẹ́bi ẹ̀sùn pé ó tan àwọn olówó jẹ. Ní 2023 wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 4, ní oṣù March ọdún 2025 Ààrẹ Trump sì dárí jì í.

Cybertruck pàápàá ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í lé àwọn oníbàárà lọ́wọ́, wọ́n fi fídíò kan hàn níbi tí ó ti so ọkọ̀ eré Porsche kan mọ́ ìdí, tí ó sì tún sáré ju Porsche mìíràn lọ. Wọ́n ní ìdámẹ́rin máìlì ni wọ́n sá. Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ wọn ọ̀nà inú fídíò náà, wọ́n rí i pé ìdámẹ́jọ máìlì péré ni. Ìdajì eré ni wọ́n fi hàn wá.

N kò sì fẹ́ kí ẹ rò pé n kò rí ire kankan nínú fídíò mọ́. Nígbà òtútù ìparí ọdún 2024, àwọn tí ó ra Cybertruck bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn pé òjò dídì ń kó jọ sórí ibi pẹlẹbẹ tí iná iwájú ọkọ̀ náà wà, tí ó sì ń bo iná mọ́lẹ̀ lóru. Iná ìgbàlódé irú yẹn kì í gbóná tó láti yọ́ òjò dídì kúrò níwájú ara rẹ̀. Èyí, ẹlẹ́rìí gidi ni fídíò jẹ́ níbẹ̀. Ìdí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ń bẹ lójú àwòrán fúnra rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n gé kúrò. Ti igi Kérésìmesì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣubú nìkan ni a rí níbẹ̀, a kò rí bàtà tí ó wọ̀.

Àwọn baba wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà. Nítorí pé ojú ni mo fi wò ó, mo rò pé àfojúbà ni. Ìròyìn ni o. Ẹnìkan ni ó yan ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, òun náà ni ó yan ibi tí yóò ti pa á, òun ni ó sì ń gba owó bí àwọn tí ń wò ó bá ti pọ̀ tó. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ èyí jù mí lọ. Bí obìnrin méjì bá ń na ara wọn nídìí ata, gbogbo ọjà yóò pé jọ. Bí ẹgbẹ̀rún obìnrin bá ra ata tí wọ́n sì lọ sílé ní àlàáfíà, ta ni yóò dúró wò wọ́n? Ọkọ̀ tí ó rì ni ìjà ọjà. Èyí tí ó kó ẹrù lọ tí ó sì kó ẹrù bọ̀, ata rírà ni.

Lórí ti Cybertruck yìí, ohun mìíràn tún wọ̀ ọ́. Elon Musk tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà ti di olóṣèlú, àwọn tí ó kórìíra rẹ̀ ń fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ rì, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i bí ó bá rì. Kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ òjò dídì kàn nínú wọn. Ìyá mi tí ó kàn fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ jẹun ni ó wá há sáàrin wọn.

Ó sì ń ràn. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan kọ̀ láti ra bátìrì fún iná oòrùn ilé rẹ̀, ó ní òun ti rí bí nǹkan abátìrì ṣe ń kú sójú títì ní Chicago. Mo ní ọ̀gá, ooru ni yóò da bátìrì tiyín láàmú bí yóò bá dà á láàmú, kì í ṣe òtútù. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀ jàre.

Mo pe àbúrò mi padà. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́, mo wá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta tí fídíò kankan kò bi mí: níbo ni ọkọ̀ náà yóò máa sùn, kí ni yóò wọ̀ sẹ́sẹ̀, ìrìn máìlì mélòó sì ni ó ń rìn lóòjọ́. Ó ní kò ju 60 lọ lọ́jọ́ tí ó bá pọ̀. Ó ní onílé ti gbà kí òun fa iná sí ilé ìgbọ́kọ̀sí. Mo ní kí ó ra táyà òtútù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀ mọ́ ọkọ̀, kí ó má ra méjì. Oṣù November ni ó rí òmíràn rà, ó sì wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èmi ni mo fa ìyẹn.

Kò sọ fún mi pé ohun gbogbo dùn bí oyin. Ní ọjọ́ tí òtútù le jù, agbára tí ó máa ń gbé e rin máìlì 100 kò gbé e ju bí 65 lọ. Lọ́jọ́ kan ó tẹ bíréèkì ní oríta, ọkọ̀ náà ń yọ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ títí ó fi kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí. Ó ní ọjọ́ yẹn ni òun mọ̀ pé kí ọkọ̀ lágbára láti lọ yàtọ̀ sí kí ó lè dúró. Ṣùgbọ́n kò pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ kan, kò sì sanwó ọkọ̀ yíyá fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó ku ìyá wa. Wọ́n ti gbọ́ pé ó ti ra ọkọ̀, wọn kò sì fẹ́ dá sí i. Ní oṣù February ọdún 2025, àbúrò mi ní kí ọmọkùnrin tí ń bá a gbé ẹrù ya fídíò ìrìn àárọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, 40 ìṣẹ́jú, kò gé ibì kankan. Òjò dídì funfun wà lọ́tùn-ún lósì, iṣu wà lẹ́yìn ọkọ̀, orin jùjú ń dún jẹ́ẹ́jẹ́ nínú rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ọjà, mo jókòó ti ìyá wa, mo tan án fún wọn.

Wọ́n wò ó bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n ní, "Ìgbà wo ni yóò rì?"

Mo ní, "Kò rì, Màámi. Ó dé ibi tí ó ń lọ."

Wọ́n ní, "Kí wá ni mò ń wò?" Wọ́n dá fóònù mi padà, wọ́n sì yíjú sí oníbàárà kan tí ó ń fọwọ́ kan léèsì.